Aago Mẹ́fà Tàbí Ìgbàkígbà

Obìnrin tó wà níwájú mi ti dá ìlà dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Mo mọ̀, nítorí mo wo aago mi nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ọkọ̀ òkun tó jókòó sẹ́yìn tábìlì gíga ti ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.

"Mà, ọ̀nà méjì péré la fi ń jẹun alẹ́. Ẹ lè yan aago mẹ́fà. Lálaalẹ́, aago mẹ́fà, tábìlì kan náà, àwọn kan náà lẹ ó jọ máa jókòó, agbáwo kan náà. Tàbí kẹ́ ẹ yan ìgbàkígbà. Láti aago mẹ́rin títí di mẹ́sàn-án, ìgbà tó bá wù yín, ibi tẹ́ ẹ bá ti ráyè."

"Tí mo bá yan aago mẹ́fà, tí wọ́n wá pè mí ńkọ́?"

"Ta ló máa pè yín lójú òkun, Mà?"

Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó dúró tì í bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi bi í. Agbẹ̀bí ni. Ọdún márùndínlógójì ló ti ń gbẹ̀bí. Ó rò pé àwọn ẹja máa ránṣẹ́ pè é."

"Èmi ò mọ ìgbà tí ebi á pa mí lọ́la," ni agbẹ̀bí náà wí. "Ẹ kọ ìgbàkígbà."

Ó kàn mí. "Aago mẹ́fà," ni mo wí. Mo fọwọ́ sí ìwé. Akọ̀wé fún mi ní káàdì tábìlì kẹrìnlá. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Agbẹ̀bí náà kò tíì lọ. Ó ń wá awò ojú rẹ̀ nínú báàgì. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ẹ̀yin mọ ìgbà tí ebi á pa yín lọ́la?"

"Aago mẹ́fà."

"Ọ̀túnla ńkọ́?"

"Aago mẹ́fà."

"Ọ̀gá Aago Mẹ́fà!" ni àbúrò rẹ̀ kígbe. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ mi bí ate.

Awakọ̀ rélùwéè ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún méjìdínlógójì. Ọkọ̀ àárọ̀ ni mo ń wà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo ń délé, aago mẹ́fà ni mo ń jẹun. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ mi obìnrin ló fi ìrìnàjò ọjọ́ mẹ́wàá náà ta mí lọ́rẹ. Ó ní ilé ti ń sọ mí di àga. Mo ní kí ni àga ṣe. Ó ní kí n di ẹrù mi.

Tábìlì kẹrìnlá dára. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì tí ń ta ọ̀dà ni a jọ jókòó níbẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń jẹun. Èmi náà kì í sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, agbáwo ti mọ̀ pé n kì í fi yìnyín sí omi. Bí aago bá ti lu mẹ́fà, ọbẹ̀ á ti wà níwájú mi. N kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ọkọ̀ kéde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé kí gbogbo èrò dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, nítorí a ti rìn jìnnà sí ibi tí a ti gbéra. Mo gbọ́ ọ. N kò ṣe é. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu yí aago. Ìwé ni, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ọ̀gá lábẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ tó bá gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ lè pàdé ọkọ̀ mìíràn lórí ojú irin kan ṣoṣo. Mo dúró de ìwé. Ìwé kò dé.

Nítorí náà, ní aago mẹ́fà tèmi, mo jókòó sí tábìlì kẹrìnlá, mo sì rí i pé èmi nìkan ni. Kò sí ọlọ́dà. Kò sí agbáwo. Mo tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ sórí itan mi, mo ń wo ògiri.

Ní òdì kejì gbọ̀ngàn ni àwọn onígbàkígbà ń jókòó. Agbẹ̀bí nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń jẹ ẹja.

"Ọ̀gá Aago Mẹ́fà! Aago márùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni o!"

Mo na aago ọwọ́ mi sí i. Ó dìde, ó gbé àwo rẹ̀ lọ́wọ́ wá bá mi, ó wo aago náà, ó wo ti ara ògiri.

"Ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ láàárọ̀?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló wá dé?"

"Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo ṣàlàyé fún un nípa ojú irin kan ṣoṣo. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí tábìlì mú. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Ó pẹ́ tí mo ti pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

"Tiwa yàtọ̀," ó wí nígbà tó rí èémí mí. "Ọmọ á kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn la máa ń bèèrè pé aago mélòó ló lù. Mo ti gbẹ̀bí ẹnì kan lórí àtẹ̀gùn rí. Ta ló ráyè wo aago?"

"Kí lẹ wá kọ sínú ìwé?"

"Mo kọ 'òwúrọ̀'."

"Òwúrọ̀ kì í ṣe aago."

"Ọmọ náà ti di lọ́yà báyìí. Kò tíì pè mí lẹ́jọ́."

Ó ní kí n kọjá sí ọ̀dọ̀ tiwọn. Mo lọ. A jọ jókòó fún wákàtí kan. Òun ló sọ̀rọ̀ jù. Nígbà tí aago ògiri lu mẹ́fà, mo padà sí tábìlì kẹrìnlá, mo jẹun tèmi, nítorí mo ti fọwọ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti ìwé bọ abẹ́ ilẹ̀kùn mi. Ìfọwọ́sí ọ̀gá ọkọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Mo kà á. Mo ká a, mo fi í sínú àpótí. N kò yí aago náà. Ní aago mẹ́fà tèmi, tí í ṣe márùn-ún tiwọn, mo tún wà ní gbọ̀ngàn. Òun náà wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin. Wákàtí kan lọ́dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà tábìlì kẹrìnlá. Àwọn ọlọ́dà kò bèèrè nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n nínú wọn kàn ń mi orí.

Ní ọjọ́ keje ó sọ ọ̀rọ̀ ọkọ tó fẹ́ rí fún mi.

"Aago méje ni tirẹ̀," ó wí. "Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ kí n gbé oúnjẹ ka iwájú òun láago méje ni. Ọmọ inú ò sì mọ aago méje. Ọdún mọ́kànlá la fi fà á mọ́ra wa lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan mo délé, ó ti lọ bá ẹni tí ìkòkò rẹ̀ máa ń wà lórí iná láago méje."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Màmá mi ló wá mú mi lọ. Wọ́n ní bí ọkùnrin tí ń wo aago nítorí oúnjẹ bá tún yọjú lẹ́nu ọ̀nà àwọn, àwọn á da omi lé e lórí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Omi ti lé sí i lójú. "Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín."

Aago ògiri lu mẹ́fà. Mo dìde. Mo ní ó dàbọ̀. Mo lọ sí tábìlì kẹrìnlá.

Ọbẹ̀ ti wà níwájú mi kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, àga rẹ̀ ti ṣófo.

Kò wá lọ́jọ́ kejì. Mo dá jókòó fún wákàtí kan. Ní aago mẹ́fà, àbúrò rẹ̀ wá dúró lórí mi ní tábìlì kẹrìnlá. Aránṣọ ni, ó kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe rán kọ́là ẹ̀wù mi kó tó wo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má sọ fún yín pé inú ń bí òun."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ṣàṣìṣe."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

"Ọ̀gá, ẹ rán alárinà níṣẹ́, ẹ ò di ẹrù fún un. Ẹ fi nǹkan kún un o jàre."

Mo ronú sí i. Àwọn ọlọ́dà dá ṣíbí dúró.

"Ẹ sọ fún un pé n ó dúró dè é lọ́la. Lọ́dọ̀ ẹ̀yin onígbàkígbà. Láti aago mẹ́rin."

"Títí di aago mélòó?"

"Títí tó fi máa dé."

"Ẹ̀n, èyí wúwo," ó wí, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo jókòó níbẹ̀ ní aago mẹ́rin. Aago lu márùn-ún. Ó lu mẹ́fà. Mo rí agbáwo tó gbé ọbẹ̀ mi lọ sí tábìlì kẹrìnlá, tó sì tún gbé e padà. Ó lu méje. Mo bi ara mi pé kí ni àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ń wá. N kò sì dìde.

Ó wọlé nígbà tí aago mẹ́jọ ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá.

"Ẹ ti jẹun?"

"Rárá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀."

"Ebi ò pa yín ni?"

"Ó ń pa mí."

Ó fa àga, ó jókòó, ó pe agbáwo. "Ẹ tètè gbé nǹkan wá fún bàbá yìí kó tó kú mọ́ mi lọ́wọ́," ó wí. Ìyẹn ni ìdáríjì tó fún mi. Mo gbà á.

Ọkọ̀ gúnlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìlú rẹ̀ sí tèmi jẹ́ wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ ojú irin. Òun ló máa ń pè mí lórí fóònù, nígbà tó bá bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́, ìgbàkígbà. Mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Nínú oṣù kẹrin lẹ́yìn ìrìnàjò náà mo bi í bóyá ó máa fẹ́ mi.

Mo gbọ́ tí ìkòkò omi gbígbóná ń hó lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ wá rí Màmá ná," ó wí.

Ó wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Lójú ọ̀nà ó ní, "Bí Màmá bá bi yín ní aago tẹ́ ẹ ń jẹun, ẹ sọ pé ìgbàkígbà."

Mo wo aago ọwọ́ mi.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni Màmá. Àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibi tó ti lè rí ibùdókọ̀ látòkè. Etí rẹ̀ mú. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n jókòó.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Awakọ̀ rélùwéè, Màmá. Mo ti fẹ̀yìn tì."

"Aago mélòó lẹ máa ń jẹun alẹ́?"

Agbẹ̀bí wúkọ́. Àbúrò rẹ̀ gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Aago mẹ́fà, Màmá."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

"Tí oúnjẹ ò bá wá sí nílẹ̀ láago mẹ́fà ńkọ́?"

"Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nílé mi, Màmá."

Màmá yí ojú sí fèrèsé. "Ẹ kú ìrìn o," ó wí. "Ibùdókọ̀ ò jìn. Òun nìyẹn nísàlẹ̀."

Agbẹ̀bí sìn mí padà. A dé ibi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀.

"Irọ́ kékeré kan ni mo ní kẹ́ ẹ pa."

"N kò mọ̀ ọ́n pa."

"Ẹ ò tiẹ̀ gbìyànjú!" Àwọn èrò yíjú wò wá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mi ò lè kẹ̀yìn sí Màmá. Èmi ni wọ́n ń bá gbé. Ká sọ òótọ́, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mi ò lè tún gbé inú ilé tí aago ti ń bínú dè mí."

Ọkọ̀ dé. Mo wọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Fóònù kò dún. Mo rò ó pé bóyá ohun tí mo ní ti tó mi: ìyàwó rere kan, iṣẹ́ rere kan, ọmọ kan tí kò gbàgbé mi. Ọ̀pọ̀ kò rí tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ara mi lójoojúmọ́. Bí mo bá ti ní láti sọ ọ́ lójoojúmọ́, a jẹ́ pé kò tíì tó.

Lọ́jọ́ kan, aago márùn-ún àbọ̀, wọ́n kanlẹ̀kùn. Àbúrò agbẹ̀bí ni. Ó bá mi tí mo mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, tí aṣọ ìdáná wà láyà mi. Ó wo inú ilé ìdáná.

"Ta lẹ gbà tí ń bá yín se oúnjẹ?"

"Kò sí."

"Ta ló wá ń se é?"

"Èmi."

"Lónìí?"

"Lójoojúmọ́. Ilé búrẹ́dì ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ló ń wọṣẹ́. Èmi ni mo ń se é láti ọjọ́ tí mo ti gbé e wọlé, ó ti tó ogójì ọdún. Mo máa ń dé tirẹ̀ sílẹ̀ fún un."

Àbúrò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú báàgì lọ́rùn.

"Ẹ̀yin lẹ ń se é. Fún ogójì ọdún. Ẹ wá jókòó níwájú Màmá, ẹ ò sọ ọ́."

"Wọn ò bi mí."

"Wọn ò bi yín! Yéè, mo gbé! Ẹnu yẹn, ṣé wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í ni? Mo ti ń jà fún yín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò mọ̀ pé idà wà lápò yín!"

Mo bu oúnjẹ fún un. Nígbà tó yó, ara rẹ̀ rọ̀. Ó sọ fún mi pé dókítà ní kí Màmá dín iyọ̀ kù, kó sì máa lo oògùn kan ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, kó má yẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń yẹ̀. Agbẹ̀bí kì í sí nílé. Òun náà ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ. Nígbà mìíràn Màmá á jẹ bisikíìtì, á ní òun ti jẹun.

"Ẹ wá ní Ọjọ́bọ̀," ó wí. "Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo wọ ọkọ̀ ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Mo mú ọ̀bẹ mi dání.

"Ẹ tún dé," ni Màmá wí láti orí àga.

"Mo tún dé, Màmá."

"Ọmọ mi ò sí nílé. Wọ́n ti pè é."

"Kì í ṣe òun ni mo wá bá, Màmá."

"Kí lẹ wá wá?"

"Ilé ìdáná, Màmá."

Ó kàn fọwọ́ tọ́ka sí i. Mo bọ́ kóòtù. Mo fọ ẹja, mo bó ọ̀dùnkún, mo se ọbẹ̀. Nígbà tí aago lu mẹ́fà, mo gbé tábìlì kékeré síwájú Màmá, mo bu tirẹ̀, mo bu tèmi. Mo bu ẹ̀kẹta, mo fi àwo dé e.

Màmá tọ́ ọ wò. "Iyọ̀ rẹ̀ kéré."

"Dókítà yín ló ní kó kéré."

Ó jẹ ẹ́ tán. Mo gbé oògùn àti omi fún un. Ó lò ó. Ó fi ìka tọ́ka sí àwo tí mo dé.

"Ta ló nìyẹn?"

"Ọmọ yín."

"Ó lè má dé títí ilẹ̀ á fi mọ́."

"Á jẹ ẹ́ tó bá dé."

"Ní tútù?"

"N ó gbé e kaná."

Ó wo fèrèsé. "Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú lọkọ̀ yín ń lọ. Òun ló kẹ́yìn lónìí."

"Mo mọ̀, Màmá."

Àwa méjèèjì jọ wò ó nígbà tó gbéra, títí ìrù rẹ̀ fi pòórá.

"Ẹ̀yin awakọ̀," ni Màmá wí, "ọkọ̀ fi yín sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí mì í ní èjìká. Ó pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ti jogún tirẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn pé ẹ̀yin lẹ ń dáná?"

"Ẹ ò bi mí, Màmá."

"Ọmọ mi," ó wí, "orí rẹ le bí òkúta." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí ní ọmọ. Ọdún kọkànlélógún rèé tí ìyá tó bí mi ti kú. Mo kó àwo wọlé kí n lè kẹ̀yìn sí i.

Orí àga ni mo sùn. Agbẹ̀bí wọlé láàárọ̀, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bàtà lọ́wọ́. Ó bá mi nídìí iná.

"Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mò ń gbé oúnjẹ yín kaná."

"Oúnjẹ wo?"

"Ti aago mẹ́fà àná."

Ó wo àwo náà. Ó wo yàrá Màmá, níbi tí ìhanrun ti ń jáde. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìbejì ni. Èyí èkejì fẹsẹ̀ wá."

"Aago mélòó?"

"Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mo wò ó nítorí yín."

Mo bu omi fún un.

"Ẹ tún bi mí," ó wí.

"Kí ni?"

"Ohun tẹ́ ẹ bi mí lórí fóònù."

Mo bi í. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dùnkún lẹ́nu.

Kọ́ọ̀tù la ti ṣègbéyàwó, aago mọ́kànlá. Ó pẹ́ dé ní ogójì ìṣẹ́jú. Obìnrin kan ń rọbí. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù bi mí bóyá òun lè mú àwọn tó kàn ṣáájú wa. Mo ní kó mú wọn. Ọmọ mi ń wo ojú mi bóyá inú ń bí mi. Inú kò bí mi. Nígbà tí agbẹ̀bí yọ lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ń sáré tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ ìyàwó tó rán fún un. Kò ráyè wọ̀ ọ́. A fọwọ́ sí ìwé bẹ́ẹ̀.

Mo kó lọ sílé wọn. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo, èmi àti Màmá jẹun papọ̀, ọdún mẹ́rin. Oògùn kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Màmá ń bú mi nítorí iyọ̀. Ìyàwó mi ń wọlé nígbà tó bá wọlé, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ nílẹ̀. N kì í dúpẹ́ púpọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò rí ìyàwó rere kan. Èmi rí méjì, mo sì rí ìyá kan lé e ní ọjọ́ ogbó mi.

Màmá kú lóṣù tó kọjá, lójú oorun, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. A ti sin ín. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ti padà sílé wọn.

Ó ku èmi àti ọmọ rẹ̀ nínú ilé. Mo ṣì ń jẹun láago mẹ́fà, mo sì ń dé tirẹ̀ sílẹ̀ dè é, ìgbàkígbà tó bá dé.